Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Bíréèkì

Bí mo bá rí ẹni tó ń fi àtàńpàkò tẹ táyà kẹ̀kẹ́, Bọ̀dá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ni mo máa ń rántí. Lẹ́yìn ogun Bìáfírà, òun ni ọ̀gá àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje ní pápá ìṣeré l'Ékòó. Nílé wa n'Ífọ̀, á tẹ táyà, á ní: "Ẹni tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, kó má sáré."

Èmi, télọ̀ aláfẹ́, mo rò pé ẹnu lásán ni. Mo yọ́ gbé kẹ̀kẹ́ ìje rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí àfẹ́sọ́nà mi lè rí mi. Ìgbà tí mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo wá bíréèkì tì. Ṣé wọn kì í fi sí kẹ̀kẹ́ pápá. Ẹsẹ̀ tó ń wa pẹ́dà náà ni wọ́n fi ń dá a dúró. Inú òkìtì ẹ̀gẹ́ tí ìyá ọmọge ń bó ni mo parí eré sí.

Ìdíje Bọ̀dá ku ọjọ́ mẹ́ta, wíìlì sì ti wọ́, orúnkún mi sì ti wú. Bọ̀dá tẹ orúnkún mi kó tó tẹ táyà. Ó tún wíìlì ṣe, ó lọ, ó gba ife bọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó gbé ife náà lé mi lọ́wọ́.

"Gbà. Látọjọ́ tí mo ti ń gùn ún, mi ò tíì sáré tó ìwọ rí."