Ìyá Mi, Ọmọ Ogún Ọdún

Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ tó rántí pé mo wà láyé. Kó tó dìgbà náà, mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án ránṣọ ní ìlú Oǹdó. Mo ti rí kọ́sítọ́mà tó ń purọ́, mo ti rí èyí tó ń sunkún. Ṣùgbọ́n àwọn ará fẹ́lóṣíìpù tí mo dara pọ̀ mọ́ nínú ọgbà wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní ohun tó kù mí kù ni ìyá. Bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn: wọ́n á fa akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lé èyí tó ti ṣáájú rẹ̀ wọlé lọ́wọ́, kí ti àtijọ́ máa tọ́jú rẹ̀, kí tuntun sì máa pè é ní Mọ́mì.

Mọ́mì tèmi ò tíì pé ogún ọdún. Nígbà tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ṣì ń bá a so okùn bàtà, èmi ti gbé téèpù kọ́rùn. Ṣùgbọ́n lẹ́fẹ́ẹ̀lì lọjọ́ orí nínú ọgbà. Mo ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń fi "o" dá mi lóhùn.

Ìtọ́jú rẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Láàárọ̀, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi mí bóyá mo ti gbàdúrà. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà, òun tí ìrẹsì rẹ̀ kì í yé jóná. Ó gbà mí nímọ̀ràn nípa ọkùnrin, mo sì tẹ́tí gidi, torí mo fẹ́ mọ ibi tóun náà ti gbọ́ ọ. "Ẹ ṣé, Mọ́mì," lèmi máa ń wí.

Ìṣirò ló tú mi láṣìírí. Mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lọ́dún kìíní. Lọ́dún kejì, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí n tún un ṣe, mo ṣí ìwé, ó ń wò mí, mò ń wò ó. Mo palẹ̀ mọ́, ó di Oǹdó. Mo sọ fún ìyá tó bí mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pé wọ́n fún wa ní ìsinmi. Lọ́kàn mi, mi ò padà mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi kò tíì fún mi ní òdo rí. Kí n tó pa fóònù, mo rí àwòrán ọwọ́ àdúrà tí àwọn ará fẹ́lóṣíìpù ń tò fún mi sórí Wọ́sáàpù nítorí ìdánwò náà. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí mo wà.

Ní Sátidé, mo wà nídìí ẹ̀rọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà kan já Mọ́mì sílẹ̀ níwájú ilé wa, tòun ti búrẹ́dì nínú ọ̀rá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ fún un pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà nilé wa wà. Ilé wo ní Oǹdó ni kò sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan? Ó ti béèrè mi ní ìsọ̀ télọ̀ mẹ́ta. Orúnkún mi ò dúró gbàṣẹ, mo kúnlẹ̀. Òun náà rí ìyá mi, ó kúnlẹ̀. Àwa méjèèjì dojú kọ ara wa lórí ìkúnlẹ̀, ìyá mi ń wò wá pẹ̀lú ẹ̀gúsí lọ́wọ́.

Ìyá mi ò kúkú gba ìsinmi mi gbọ́ látọjọ́ tí mo ti dé. Ó fi ògidì èdè Oǹdó bi Mọ́mì ní ohun tí mo ṣe tí mo fi sá wálé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Mọ́mì, kò gbọ́ ẹyọ kan. Mo bá a túmọ̀ rẹ̀: wọ́n ń béèrè bóyá ọ̀nà dára. Ó ní ó dára gan-an, mà. Ìyá mi wò mí. Ó gbé Yorùbá tó fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé jáde, ó tún ìbéèrè náà bi í, díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìsinmi tí mo sọ kún un.

Mọ́mì wojú mi, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìṣirò, ìdánwò ọjọ́ Túsìdeè, ìsinmi tí kò sí. Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wá sísọ́ọ̀sì mi. Ìyá mi ò bá mi wí. Ó kọjú sí ọmọ náà, ó ní òun tó ti ṣáájú mi wọlé, tó yẹ kó mọ ìṣirò, kí ló dé tí kò kọ́ mi.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, mà," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kẹrin mi rèé. Bí mi ò bá yege, mi ò ní jáde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó yíjú sí mi, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè dá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò náà."

Ojú tì mí gidigidi. Látìgbà tí mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ara mi, mi ò bi í léèrè rí bóyá nǹkan kan ń dun òun náà. Mo da aṣọ bo ẹ̀rọ. Ìyá mi ní ká máa jẹ búrẹ́dì náà lọ lọ́nà.

A kàwé nínú yàrá Mọ́mì ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, títí di Mọ́ńdè, afọ́jú méjì tí ń júwe ọ̀nà fún ara wọn. Mo yege, pẹ̀lú máàkì tí kò ṣeé fi yangàn. Òun ò yege. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ orúkọ sára ẹ̀wù ara wọn, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀ ìdánwò náà, èmi tí mi ò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta fún wákàtí méjì, níbi tó ti lè máa rí mi látojú fèrèsé.