Àpótí Ọ̀rọ̀ Lára Ògiri Pálọ̀ ní Ayọ̀bọ̀

N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ojú mi méjèèjì yìí ló ṣe, ọwọ́ mi ló sì fa gbogbo ìlà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà dé, àmọ́ láti Ìkọ̀tún títí dé Ìgàndó láyé ìgbà náà, ẹ bá mi wá bíríkìlà mìíràn tó ń parí eré àpótí ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn Yorùbá. Ẹ ò ní rí.

Wọ́n á ya àpótí kéékèèké sínú ìwé ìròyìn, lẹ́tà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wá béèrè ọ̀rọ̀: òmíràn á lọ ní ìbú, òmíràn á wálẹ̀ ní òòró. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní rédíò ni ẹni tó bá yege yóò gbà. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé rédíò ń bọ̀. Gbogbo ilé tí a háyà sí ní Ẹ̀gbẹ́dá ló ti gbọ́.

Àmọ́ tí báírò bá ti pa nǹkan rẹ́ lójú ìwé yẹn, wọ́n á sọ ọ́ nù ni. Nítorí náà, n kì í kọ ohunkóhun sí i títí gbogbo rẹ̀ á fi pé. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń ṣe é. Ilé tíṣà Èkìtì kan ni mò ń kọ́ ní Ayọ̀bọ̀. Mo mú èédú, mo ya gbogbo àpótí náà gàgàrà sára búlọ́ọ̀kù pálọ̀, kí tèmi-tìrẹ lè rí i.

Ìyá kan tó ń pọnmi fún wa dúró wò ó.

“Ọ̀gá, ṣé onílé mọ̀ pé ẹ ti sọ pálọ̀ rẹ̀ di iléèwé?”

“Ìyá, ẹ sọ omi kalẹ̀. Ewé wo ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ?”

“Eéran. Kí wá ni ìyàwó yín ń fún yín jẹ nílé?”

Oko ni ìyá yìí ti dàgbà. Orúkọ koríko, orúkọ ẹyẹ, ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ rí láyé mi, ó ń sọ wọ́n bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Èmi ni mo sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ní ọjọ́ Ẹtì, àpótí tó kù kún. Omi pípọn parí lọ́jọ́ yẹn náà, ìyá gba owó rẹ̀, ó sì wọkọ̀ lọ sí abúlé rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, mo dé pẹ̀lú ìwé ìròyìn, báírò àti àpò lẹ́tà tí mo ti lẹ sítáǹbù mọ́. Ògiri ti ń dán. Onílé ń kánjú àtikó wọlé, ó ti mú bíríkìlà mìíràn wá láti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ.

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá,” ni ọ̀gbẹ́ni náà wí. “Àwọn ọmọkọ́mọ kan ti fi èédú ba ògiri yín jẹ́. Mo ti bá yín bò ó.”

Mo yíjú sí onílé. “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n ha á díẹ̀, sìmẹ́ǹtì ṣì tutù.”

“Pálọ̀ mi lẹ fẹ́ ha nítorí rédíò? Tí mo bá ti kó dé, ẹ máa wá gbọ́ tèmi, jàre.”

Ẹ̀rín pa èmi náà. Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní rántí ìdajì, àmọ́ mo rántí gbogbo rẹ̀ àfi márùn-ún, gbogbo wọn ọ̀rọ̀ oko ìyá yẹn. N kò fi irọ́ dí wọn. Mo fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn oníwèé ìròyìn lè rí iye tí mo mọ̀.

Ẹlòmíràn ló gba rédíò. Ilé tíṣà ṣì dúró ṣánṣán, mo sì máa ń yà kí wọn.

Ohun tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ márùn-ún, rédíò kan, sítáǹbù kan.