Ọwọ́ Bọ̀dá Kúnlé àti Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá tí n kò tíì lè sọ dáadáa láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni. Ọwọ́ tèmi, àti ọwọ́ ẹlòmíràn tó ti kú.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi ni mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Itamaga, nílùú Ìkòròdú níbí. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mò ń tẹ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Sátidé, ríhásà. Sọ́ńdè, ìsìn méjì! Ta ló ń ronú nípa ìgúnpá? Orin ni mò ń rò.

Bọ̀dá Kúnlé ló kọ́ mi. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí mi, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni ilé wa wà. Dùùrù àtijọ́ kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, irú èyí tí èèyàn máa ń fẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí kó tó lè dún. Bọ̀dá Kúnlé ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ẹ wò ó, bẹ́ǹṣì ìdí dùùrù yẹn kúrú jù! Èjìká Bọ̀dá Kúnlé á ga sókè dé etí, ìgúnpá wọn á ká, wọ́n á tún fi í ti etí pákó dùùrù náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe wà fún wákàtí márùn-ún, mẹ́fà, láìdìde. Mo rò pé bí ọ̀gá ṣe ń jókòó nìyẹn. Èmi náà ń ká ìgúnpá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan. Tí wọ́n bá tẹ dùùrù díẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń gbọn omi dà nù. Wọ́n ní ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ń ta àwọn bí abẹ́rẹ́. Olórí kúáyà ní Èṣù ni kò fẹ́ kí orin ìyìn jáde, pé kí wọ́n má dá a lóhùn, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bọ̀dá Kúnlé tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò tó ọdún kan, ìka méjèèjì ká sínú àtẹ́lẹwọ́, wọn kò ṣeé nà mọ́. Ẹran ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lọ. Wọ́n wá ń fi táwẹ́lì kékeré kan bò ó.

Àwọn èèyàn ní ọwọ́ lásán kọ́. Wọ́n ní ẹnì kan ló gbà á.

Ta ni? Èmi ni mo dáhùn ìbéèrè yẹn.

Bọ̀dá Kúnlé ní àbúrò bàbá kan tí a ń pè ní Ìyá Múyì. Wọ́n ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀. Tí Ìyá Múyì bá ti ọjà dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó ti Bọ̀dá Kúnlé, wọ́n á bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á máa fi wọ́ ọwọ́ náà láti ìgúnpá dé orí ìka. Mo máa ń rí wọn láti ojú fèrèsé wa. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé ẹnu Ìyá Múyì ń mì bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ.

Àwọn ìyá aládùúrà pè mí. Wọ́n tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n jókòó yí mi ká, wọ́n fún mi ní bisikíìtì. Wọ́n bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní mo rí Ìyá Múyì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí ọwọ́ náà. Wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n dárúkọ Jésù? Mo ní rárá, n kò gbọ́ orúkọ Jésù.

Òótọ́ sì ni. N kò gbọ́ nǹkan kan rárá! Fèrèsé wa jìnnà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ọmọdé máa ń mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní kí Bọ̀dá Kúnlé má jẹ́ kí Ìyá Múyì fọwọ́ kan wọn mọ́. Wọ́n da igbá òrí náà sí kòtò. Lọ́jà, obìnrin tó ti ń pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá Múyì láti ọjọ́ pípẹ́ kó igbá rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ẹja wọn á wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bọ̀dá Kúnlé ń lọ láti orí òkè àdúrà kan dé òmíràn, ọwọ́ wọn sì ń gbẹ sí i. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ibà kọlù wọ́n, wọ́n sì kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo rí Ìyá Múyì tí wọ́n dúró sí òdìkejì títì, wọ́n lọ́ ìborùn mọ́ ọrùn. Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n kí wọ́n súnmọ́ ibojì.

Mo dàgbà. Mo lọ sí yunifásítì, mo lọ́kọ, a kó wá sí ẹ́síteètì kan ní Ìkòròdú. Mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. N kò sọ̀rọ̀ Bọ̀dá Kúnlé.

Àfi ìgbà tí ìka kékeré mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí abẹ́rẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ibi tí mo fọwọ́ ti nínú ọkọ̀ ni. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo tún gbọ̀n ọ́n! Nígbà tó yá, tí mo bá jí láàárọ̀, ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún mi á ti kú, bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé mo máa sọ pé ọwọ́ ń dùn mí nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Sọ́ńdè ìkórè yẹn, a wà lórí orin ọrẹ. Gbogbo ìjọ ń jó bọ̀. Mo na ọwọ́ láti tẹ ohùn òkè, ìka méjèèjì kò lọ. Wọ́n ká sínú. Ohùn tó jáde burú débi pé onílù yíjú wò mí. Mo wolẹ̀ wo ọwọ́ mi, ẹ gbọ́ o, ọwọ́ Bọ̀dá Kúnlé ni mo rí. Bó ṣe ká, bó ṣe tẹ̀, òun gan-an!

Láti ọjọ́ yẹn n kò nísinmi mọ́. Tí mo bá di ife mú, ọwọ́ wọn ni. Tí mo bá ń so bọ́tìnì aṣọ, ọwọ́ wọn ni. Lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan jókòó tì mí tó fi òrí para. Òórùn yẹn gbá mi nímú, mo sì bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Benson láìtíì dé ibi tí mò ń lọ. Mo dúró létí títì. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Ìyá Múyì ti rántí mi. Wọ́n ti wá gba tèmi náà, nítorí ẹnu mi.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Mo kàwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò mọ̀wé.

Ọkọ mi ló rí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí n kò lè so bọ́tìnì. Ó bi mí pé láti ìgbà wo? Mo ní oṣù mẹ́rin. Kò pariwo. Ó ní kí n yan ọ̀kan: kí òun gbé mi lọ sí ọsibítù lónìí, tàbí kí òun gbé kíbọ́ọ̀dù náà fún ẹlòmíràn. Ọsibítù náà ni wọ́n ti ní kí n lọ rí àwọn físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ara.

Ọmọbìnrin kékeré kan ni físíò náà. Ó gbé tábìlì síwájú mi, ó ní kí n jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó sí ìdí kíbọ́ọ̀dù. Mo jókòó. Ó wò mí títí. Ó wá ní, "Ma, ta ló kọ́ yín láti máa jókòó báyìí?"

Mo rántí bẹ́ǹṣì kúrú ti Bọ̀dá Kúnlé.

Ó fi ìka kan ẹ̀yìn ìgúnpá mi, ibi tó máa ń ta èèyàn tó bá fi gbá ara ògiri. Bó ṣe kàn án báyìí, ó ta mí dé ìka kékeré! Ó ní iṣan kan gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ìka méjèèjì yẹn. Tí èèyàn bá ká ìgúnpá fún wákàtí púpọ̀, tó tún ń fi í ti nǹkan líle, iṣan náà á fún, ìka á kú. Tí kò bá sinmi, ìka á ká, ẹran ọwọ́ á máa gbẹ. Àga mi kúrú jù nílé, mo tún ń fi ìgúnpá ti tábìlì ní ọ́fíìsì. Ó ní mo ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá àtúnṣe.

Mo sọ ti Bọ̀dá Kúnlé fún un. Ó ní, "N kò rí wọn, Ma, n kò lè búra. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ júwe yìí, mo ti rí i lára télọ̀, mo ti rí i lára awakọ̀. Ṣé ẹnì kankan tọ́jú ọwọ́ náà fún wọn?"

Mo ní, "Ẹnì kan máa ń fi òrí wọ́ ọ."

Ó ní, "Ìyẹn nìkan ò lè tó. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹni yẹn nìkan ló gbìyànjú."

Mo sunkún nínú ọ́fíìsì ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi lọ bu omi wá.

Lẹ́yìn oṣù méjì tí mo ti ń lọ síbẹ̀, tí ìka mi ti ń nà, mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní Itamaga. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí mo padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo dé Ọjà Olúwo. Ìyá Múyì ti darúgbó gan-an, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà nídìí ẹja. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo ní èmi Ṣadé ni, ọmọ ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ní, "Ọmọ ojú fèrèsé."

Wọ́n mọ̀! Láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n mọ̀ pé èmi ni!

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti ọwọ́ mi, ti físíò, ti bisikíìtì. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń sọ sí ọwọ́ náà nígbà yẹn.

Wọ́n ní, "Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní, 'Jọ̀ọ́, rọ̀ fún un.' Ṣé ìwọ kì í bá ohun tó ń dun ọmọ rẹ sọ̀rọ̀?"

Wọ́n ní kí n dìde, pé omi ẹja tútù láti ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ti rin ilẹ̀ ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n foríjì mí. Wọ́n yí ẹja méjì mẹ́ta padà lórí àtẹ kí wọ́n tó dáhùn. "Kì í ṣe etí tèmi lo sọ ọ́ sí. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, lọ bá wọn."

Mo lọ. Mo gbàyè lọ́wọ́ àlùfáà, mo dúró níwájú ìjọ Ẹ̀pẹ́ yẹn lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, mo sọ pé n kò gbọ́ nǹkan kan rárá lọ́jọ́ náà, pé irọ́ ni mo pa. Nínú àwọn ìyá aládùúrà ọjọ́sí, méjì péré ló kù. Ọ̀kan ní kí ni ìdí tí mo fi ń hú òkú ọ̀rọ̀. Èkejì dìde, ó jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó bo ojú. Nígbà tí mo padà dé ọjà, ìròyìn ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ìyá Múyì ní, "Mo ti gbọ́." Wọ́n ní, "Ó pẹ́." Wọ́n sì kọjú sí oníbàárà tó dúró.

Èmi ò lè sọ fún yín pé wọ́n foríjì mí. N kò mọ̀. Ọwọ́ mi ti sàn, mo ti padà sí ìdí kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí mo máa ń wo ìka méjì yẹn títí ojú mi á fi ṣú.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ dùùrù, tí ẹ ń ta jìtá, tí ẹ ń fọn fèrè, ìrora kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ ń ṣe dáadáa! Mo ti ra àga gíga, ìgúnpá mi kì í ká jù mọ́, èjìká mi sì wà nílẹ̀. Tí a bá ti ṣe ríhásà bí ìdajì wákàtí, gbogbo kúáyà á dìde, a ó na apá, a ó mumi. Àwọn kan ń kùn pé mo ń fi àkókò ṣòfò. Kí wọ́n máa kùn lọ! Tí ìka bá ń kú tàbí tó ń ta yín, tí kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ lọ fi han oníṣègùn. Ẹ má dúró de ìkórè. Ẹ gbàdúrà pẹ̀lú, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá ẹni tí ẹ máa di àìsàn lé lórí.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ọwọ́, ẹ̀yìn, ètè, ọrùn, ibi yòówù kó jẹ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n fẹ̀sùn kàn nítorí ara ẹlòmíràn tí kò yá, ẹ kọ tiyín náà. Màá ka gbogbo rẹ̀, bó ti wù kó gùn tó.