Fóònù Ìyá Themelina Tí Kì Í Dún

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí gbogbo nǹkan ń rí lára ní erékùṣù Kalymnos, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù Sakellaris lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò níyàwó, kò lọ́mọ, ìgbà gbogbo ló sì máa ń yínmú bí ẹni tó gbóòórùn òkú eku. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́ o. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn èèyàn ń gbé wá bá a. Apẹja á gbé fóònù kalẹ̀, ìpẹ́ ẹja á ti lẹ̀ mọ́ ọn lára káàkiri. Ìyàwó ilé á gbé tirẹ̀ wá, òróró ólífì á ti wọ ibi tí ohùn ń gbà jáde, ìdọ̀tí etí á sì ti dí ìyókù. Ọkùnrin kan tilẹ̀ gbé tirẹ̀ wá, kò sọ̀rọ̀ títí Sakellaris fi tú u tán, tó ti fi ẹnu fẹ́ inú rẹ̀, kó tó wá ní, "Ó bọ́ sílé ìgbẹ́ o, àmọ́ mo ti fi omi ṣàn án." Ẹ gbà mí! Odidi ọjọ́ méjì ni Sakellaris fi ń fi ọtí líle yọ ẹnu, tó ń tutọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀gbin yẹn, eré ọmọdé ni lójú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta iná mànàmáná lórí fóònù. Wọ́n pọ̀ bí eṣú. Ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán, tó fẹ́ rẹjú, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń pè.

"Ẹ káàsán sà, ṣé ẹ̀yin lẹ ń san owó iná ilé yín?"

"Bàbá ńlá ẹ ló ń san án!"

Á pa á mọ́ wọn létí. Wọn ò ní bínú, nọ́ńbà mìíràn ni wọn óò tún fi pè. Nígbà tó sú u, ó wọ inú ètò fóònù rẹ̀, ó tò ó kí nọ́ńbà tí òun kò bá fi pamọ́ síbẹ̀ má lè dún mọ́ láéláé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pè, tààrà ló ń lọ síbi tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, ohùn obìnrin kan á ní kó fọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó parí.

Láti ìgbà náà ló ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ìsìn. Fóònù tó bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ gíláàsì ló fọ́, ìbáà jẹ́ bátìrì ló kú, kò ní dá a padà láìtò ó bẹ́ẹ̀. Kò ní bi olóhun, kò ní sọ fún un, kò sì ní gbowó rẹ̀. Á kàn ní, "Mo ti bá ẹ tọ́jú ẹ̀," wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á rò pé ó nù ún ni. Ta ni ì bá fura? Ní Kalymnos, kò sẹ́ni tó ń fọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnni lórí fóònù, kò sì sẹ́ni tó ń lọ gbọ́ ọ. Bí o bá pe èèyàn tí kò gbé e, ẹ óò kúkú pàdé níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kọkànlá, Ìyá Themelina wọlé. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún gé kànìnkànìn inú òkun ní ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé. Òun ni ìyá ìsàmì Sakellaris. Òun ló gbé e lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n rì í bọ omi, òun ló dárúkọ rẹ̀ fún àlùfáà, òun ló sì ń ra àbẹ́là Àjíǹde fún un lọ́dọọdún títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fọ́, tòsì náà sì ti ń funfun bọ̀ bí omi ìrẹsì. Àwọn dókítà ní Áténì, olú ìlú, ti sọ fún un pé ohun kan ṣoṣo ló lè gbà á là, kí wọ́n fi awọ fẹ́lẹ́ ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú rọ́pò tirẹ̀. Ọjọ́ tó bá yọjú ni wọn óò pè é, ọjọ́ kejì ló sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí ojú òkú kì í dúró deni. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń retí ìpè yẹn.

"Sakellaris, fóònù mi kì í dún mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Àlùfáà ni. Ó ra fóònù tuntun, ó fi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kò tiẹ̀ dún rárá, obìnrin kan ló ń bá òun sọ̀rọ̀."

"Àlùfáà tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan fóònù! Ẹ gbé e wá." Ó fi ìka méjì gbà á. Ìyẹ̀fun ti gan mọ́ ọn lára. "Ìyá, kí lẹ fi ń tẹ nǹkan yìí, ẹsẹ̀ ni?"

"Imú ẹ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Tún un ṣe, jàre."

Sakellaris mú fóònù tirẹ̀, ó pè é. Kíá, orin ijó gba ṣọ́ọ̀bù kan.

"Ṣẹ́ ẹ gbọ́? Kí nìyẹn? Kò sí nǹkan tó ṣe fóònù yín."

Ìyá náà gba fóònù rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀, ó tún dé. Ó gbé abọ́ kan dání, ewé àjàrà tó fi ìrẹsì àti ẹran dì ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin tuntun tó ń tajà nílé oògùn náà pe òun, ohun kan náà ló bá pàdé. Sakellaris mí kanlẹ̀. Ó pa fóònù náà, ó tún un tàn. Ó wò ó bóyá ó ti tẹ èyí tí wọ́n ń tẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, kò tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó bóyá wọ́n ti darí ìpè rẹ̀ síbòmíràn, wọn kò darí ẹ̀. Ó yọ síímù, ó nù ún, ó dá a padà. Ó tún fi fóònù tirẹ̀ pè é. Orin ijó tún bẹ̀rẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ gúúsù tó ń fẹ́ yìí ló ń da nẹ́tíwọ̀kì rú," ó ní. "Ẹ lọ sinmi nílé, Ìyá. Iṣẹ́ pọ̀ níwájú mi."

"Ojú kan ló kù mí, Sakellaris. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ fóònù ló máa pa á."

"Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe é! Àbí ẹ fẹ́ kí n búra?"

Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó ń fọwọ́ tá ògiri lọ síta. Sakellaris ṣí i, ó rí irun funfun kan lórí ewé, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí. Oúnjẹ tí obìnrin tó ń fọjú fi ọwọ́ dì lọ́kọ̀ọ̀kan! Ìwà rádaràda wo lèyí? Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ó ń rí mi lára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó tún fóònù apẹja kan ṣe tán, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń pè dáadáa. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni ti Ìyá Themelina, nítorí ó ti pè é títí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún rárá. Obìnrin yẹn ló dáhùn, ó ní kó fọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ó mú fóònù tirẹ̀, ó pè. Ó ń dún. Ó padà sí ti apẹja. Obìnrin yẹn náà ni. Nígbà náà ló yé e. Orúkọ tòun wà nínú fóònù ìyá náà, ti apẹja kò sí níbẹ̀. Fóònù tuntun àlùfáà kò sí níbẹ̀. Ti ọmọbìnrin ilé oògùn kò sí níbẹ̀. Oṣù kẹjọ ni òun pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀ fún un. "Mo ti bá yín tọ́jú ẹ̀, Ìyá." Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹlòmíràn ni eérú tirẹ̀ lọ kún.

Kò ti ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré gun àtẹ̀gùn òkè náà dé ilé ìyá náà, ó bá a níbi tó ti ń fọwọ́ wá òkúta nínú ẹ̀wà lẹ́ńtì.

"Ẹ gbé fóònù yín fún mi."

"Afẹ́fẹ́ gúúsù ti rọlẹ̀ ni?"

Sakellaris gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ ohun tó tò síbẹ̀ kúrò, ó ṣí ibi tí ohùn ń kó sí. Mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Mẹ́wàá àkọ́kọ́, àwọn oníná ni, inú rẹ̀ sì fẹ́ dùn díẹ̀. Ẹ̀kọkànlá jẹ́ ohùn obìnrin pẹ̀lẹ́ kan, ti oṣù kẹwàá: "Ìyá Themelina, ilé ìwòsàn ni. Ojú ti wà fún yín. Kí ẹ dé kó tó di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la." Èkejìlá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà: "A ṣì ń retí yín o." Ẹ̀kẹtàlá, oníná. Èyí tó gbẹ̀yìn wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀ tí Sakellaris ní kó lọ sinmi nílé: "Ìyá, ojú mìíràn ti wà. Ẹ kò gbé e. A ti pe ọmọ ìsàmì yín tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹrin, òun náà kò gbé e. Ẹ ṣàánú ẹ gbé e. Bí a kò bá gbọ́ látọ̀dọ̀ yín lónìí, ẹlòmíràn la máa fún, orúkọ yín á sì padà sí ìsàlẹ̀ ìwé àwọn tó ń retí."

Ìyá náà dáwọ́ ẹ̀wà dúró. "Ohùn rẹ̀ dùn, obìnrin yẹn."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n kọ ẹni tó sún mọ́ mi. Ta ni mo tún ní?" Ó kọjú sí i, ojú funfun yẹn ń wá ibi tó wà. "Wọ́n pè ọ́ ni?"

Sakellaris yọ fóònù rẹ̀ lápò. Láti ọdún mẹ́ta, kò tíì ṣí àpótí ohùn yẹn rí. Ó bá a níbẹ̀: ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó rántí òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, fóònù yìí wà níwájú rẹ̀, ó tiẹ̀ ń fi aṣọ nù ún. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó máa ń fi ọtí líle fọ̀ nígbà ogún lóòjọ́, kò sì tíì rí ẹ̀gbin tó rí i lára tó èyí rí.

"Wọ́n pè mí, Ìyá. Èmi ni mo ti tèmi pa, èmi náà ni mo ti tiyín pa. Afẹ́fẹ́ kọ́. Èmi ni."

Ìyá náà padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Ó ṣa òkúta kan, ó jù ú sílẹ̀.

"Abọ́ mi ńkọ́?" ó ní. "Ṣó o jẹ ẹ́?"

"Mo dà á nù."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó na ọwọ́. "Gbé fóònù mi fún mi. Ṣé o ti yọ nǹkan burúkú tó o kó síbẹ̀?"

"Mo ti yọ ọ́. Gbogbo ayé ló máa dún báyìí, títí kan àwọn olè oníná yẹn."

Kò tíì pa ẹnu dé tí orin ijó bẹ̀rẹ̀. Sakellaris nawọ́ láti gbà á, ìyá náà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó fi àtàńpàkò wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ó rí i.

"Ẹ káàsán mà," ohùn ọmọdékùnrin kan ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ ń san owó iná ilé yín?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Ṣó o ti jẹun?" Ó gbé fóònù mọ́ etí dáadáa, ó kẹ̀yìn sí Sakellaris. "Iná ò ní wúlò fún mi pẹ́ mọ́. Àmọ́ máa sọ ọ́, mò ń gbọ́ ẹ."