Bẹ́ǹṣì Abẹ́ Fèrèsé

Ìtàn tí gbogbo ẹni tó bá kàwé ní ẹ̀ka yẹn máa ń kọ́kọ́ sọ nípa olóògbé Bàbá Ìlànà ni ti ọjọ́ tí Bàbá ti ara wọn mọ́ ìta. Ẹ má rò pé ọ̀tá kan ló ṣe é o. Òfin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ló mú wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Bàbá ní ẹ̀ka kan ní yunifásítì, àwọn ló sì kọ ìlànà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ń tẹ̀ lé. Ọdún tí èèyàn lè lò, ìgbà tó lè gba ìsinmi, títí dórí bí àlàfo etí ìwé ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá, ìyẹn ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ á fẹnu gbèjà ìwé tó kọ níwájú àwọn olùdánwò. Bí aago bá ti lu mẹ́wàá, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wà nínú, ó wà nínú. Ẹni tó bá wà níta, kó yáa máa gbádùn atẹ́gùn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò ni obìnrin kan tí Bàbá ń pè ní Àkọ́bí, torí òun ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tọ́ dé ìpele yẹn. Ọdún mẹ́fà ni ìlànà fún un, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì pé. Oyún méjì ló gbé lórí ìwé náà, ẹkún tó sun lé e lórí kò níye. Bí ìdánwò ò bá wáyé lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ dòfo nìyẹn, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó jókòó. Àwọn olùdánwò jókòó. Àga Bàbá, alábòójútó rẹ̀, nìkan ló ṣófo.

Níbo ni Bàbá wà? Ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé ni wọ́n wà, wọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kan wí pé ó ń pẹ́ lẹ́yìn jù. Ìbáwí náà dùn mọ́ wọn lẹ́nu débi pé wọn ò gbọ́ aago.

Akọ̀wé ẹ̀ka, obìnrin tí Bàbá fúnra wọn kọ́ níṣẹ́, yí kọ́kọ́rọ́. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi dún.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Aago ti lu, sà."

Nígbà tó yá, ohùn Bàbá gba ihò kọ́kọ́rọ́ wọlé: "O káre."

Olùdánwò tó ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá ní ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àgbà. Bàbá ló jágbe mọ́ ọn látìta pé kò gbọdọ̀ dán an wò, pé tí wọ́n bá ṣí i fún òun, ta ni wọ́n tún fẹ́ tì í mọ́? Àkọ́bí bú sẹ́kún. Ìdánwò ò lè wáyé láìsí alábòójútó, ìlànà Bàbá náà nìyẹn. Òfin méjì di í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, baba kan náà ló sì bí àwọn méjèèjì.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni wọ́n ti gbọ́ ẹsẹ̀ nínú òdòdó ẹ̀yìn ilé. Ẹnì kan ń kan fèrèsé. Akọ̀wé ṣí i, orí Bàbá yọ, tòun ti fìlà.

"Ìlànà ní kí alábòójútó rí akẹ́kọ̀ọ́, kó sì gbọ́ ọ," ni Bàbá wí. "Mo rí i. Tó bá gbóhùn sókè, màá gbọ́ ọ. Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé mo gbọ́dọ̀ wà nínú ilé?"

Bí ìdánwò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Òjò wẹliwẹli dé, Bàbá ò kúrò, wọn ò sì yọ ìbéèrè kan fún un. Ọkùnrin tó ń gé koríko pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó wá di agbòjò mú lé wọn lórí, nígbà tó ṣe, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí ìdáhùn Àkọ́bí. Nígbà tí wọ́n kéde pé ó yege, òun ló kọ́kọ́ hó yèè.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá ní kí káfíńtà bá àwọn ṣe bẹ́ǹṣì kan sábẹ́ fèrèsé náà. Bẹ́ǹṣì ọ̀hún ga ju bẹ́ǹṣì lọ. Gbogbo ẹ̀ka fi Bàbá rẹ́rìn-ín pé wọ́n ti ń múra sílẹ̀ de pípẹ́ mìíràn. Àkọ́bí alára ò lè pa á mọ́ra, ó bi wọ́n bóyá wọ́n tún fẹ́ pẹ́.

"Èmi kẹ̀? Láéláé."

"Ta ló wá wà fún, sà?"

"Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè là ń dáhùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀," ni Bàbá wí, wọ́n bá tiwọn lọ.

Lóòótọ́, wọn ò pẹ́ mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Alángbá nìkan ló ń yáàrùn lórí bẹ́ǹṣì náà.

Nílé ńkọ́? Ìlànà náà ni. Nígbà tí òrùlé ń jò, tí Bàbá ní kí ìyàwó àwọn fún àwọn láyè díẹ̀ sí i, Màmá ní òun ti fi àkókò kún un lẹ́ẹ̀mejì, ìlànà ò gba ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọjọ́ náà ni Bàbá gbé òòlù gun òkè, wọ́n ń kùn pé kò yẹ kí ọkùnrin máa ka iṣẹ́ ẹ̀ sétí ìyàwó.

Nígbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀, Àkọ́bí, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n tó sì ti gba ipò wọn, lọ kí wọn ní ilé ìwòsàn. Bàbá ní kó má wulẹ̀ fajú ro, ìsinmi ránpẹ́ ni àwọn gbà, kí ẹnikẹ́ni má yọ orúkọ àwọn kúrò nínú ìwé. Ó rẹ́rìn-ín lójú wọn. Ìgbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló tó sunkún. Bàbá ò ti ìsinmi yẹn dé mọ́.

Ìdánwò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, Àkọ́bí ló jókòó sí àga Bàbá. Aago lu mẹ́wàá, akẹ́kọ̀ọ́ ò sí níbẹ̀. Akọ̀wé àná yẹn náà, tí irun rẹ̀ ti funfun, wò ó lójú. Àkọ́bí ní kó tì í.

Kọ́kọ́rọ́ ò tíì tutù tí ẹsẹ̀ fi ń sáré bọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ara ọmọ òun ló gbóná mọ́jú, ọkọ̀ tún bà jẹ́ lọ́nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Òní ni ọdún mẹ́fà mi pé."

Olùdánwò kan ní kí wọ́n ṣí i jàre, Bàbá sáà ti kú. Ọ̀rọ̀ náà dun Àkọ́bí wọra. Tó bá ṣí i, òfin Bàbá ò ju ọjọ́ kan lọ lọ́wọ́ òun. Tí kò bá ṣí i, ó mọ ìyà tó fẹ́ fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ, òun náà ti jókòó síbẹ̀ rí. Ó dìde, ó ń wá ibi tó máa gbójú sí, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí fèrèsé.

Háà. Bàbá.

Ó ṣí fèrèsé náà gbayawu. "Ọmọ mi, yí gba ẹ̀yìn ilé. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀."

Ọmọbìnrin náà gun orí bẹ́ǹṣì, ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, ojú rẹ̀ wá bá tàwọn tó wà nínú yàrá dọ́gba, bí ẹni pé wọ́n wọn ọmọ náà kí wọ́n tó ṣe bẹ́ǹṣì ọ̀hún. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ìborùn nu ojú. Àkọ́bí náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà tó máa sọ̀rọ̀.

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Gbóhùn sókè dáadáa, kí Bàbá lè gbọ́."