Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Fi Oríkì Wa Ki Òyìnbó Kan

Bí o bá gba Fìdítì kọjá nígbà ọ̀pẹ̀yìnbó, òórùn dídùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀, kí o tó rí ilé kankan. Ilé ẹ̀kọ́ girama wa kò jìnnà sí títì, nítorí náà òórùn ọ̀hún a máa bá wa wọ kíláàsì. Láyé ìjọba ológun, nígbà tí gbogbo nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbówó lórí, ni tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìtàn sọ̀rọ̀ òyìnbó oníṣòwò kan fún wa. Ọmọ oníyọ̀ ni ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó ń kó aṣọ wá sí etíkun wa, ó ń kó èkùrọ́ lọ. Nígbà tí owó dé, ó du ipò, ó wọ ilé aṣòfin wọn, ọba wọn sì fi í joyè ńlá, ó di lọ́ọ̀dù. Kò dé Fìdítì rí láyé rẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kọ́ gbọ̀ngàn fún ilé ẹ̀kọ́ wa, pírínsípà sì fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Ìdí nìyẹn tí pírínsípà fi ránṣẹ́ pè mí. Ilé Oníkòyí ni wọ́n bí mi sí, ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kini, ohùn mi sì dùn. Pírínsípà ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ lọ́ọ̀dù náà ń bọ̀ wá ṣí gbọ̀ngàn. Kí n yọ orúkọ àwọn baba wa kúrò nínú oríkì wa, kí n fi ti òyìnbó náà sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe ọmọ Oníkòyí."

"Ṣé òun náà kì í ṣe olóyè ni? Bí o kò bá kì í, má wulẹ̀ padà wá sílé ẹ̀kọ́ yìí."

Nígbà tí mo rò ó fún ìyá àgbà, ẹ̀rín ló bú sí. "Ojú ogun làwọn baba rẹ ti gba oríkì yẹn. Ogun wo lòun jà? Ogun èkùrọ́?" Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí n ó ṣe fún mi. Ìdánwò àṣejáde wa kù díẹ̀, mo sì fẹ́ràn ìwé bí ojú. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́, àmọ́ inú tó ń bí mi ju ẹ̀rù lọ. Mo ní n ò jẹ́ fi oríkì wa kì í.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún, ó ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Àwọn ìyá tó ti fi èkùrọ́ pípa tọ́mọ jókòó sẹ́yìn. Mo dìde, mo gbóhùn sókè. Ohun tí tíṣà kọ́ wa gan-an ni mo fi kì í:

"Ọmọ oníyọ̀ tí ń ta iyọ̀,
Ó ra èkùrọ́ ní pọ́ọ́kú, ó tà á lówó gọbọi,
Ó tìdí ọjà dé ilé aṣòfin, ó tibẹ̀ dé ìdí oyè.
Àwọn ìyá wa ló pa èkùrọ́, òun ni wọ́n dé ládé!"

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn hó yèè. Ìyá kan ń ké pé, "Sọ ọ́ fún wọn, ọmọ mi!" Àlejò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí pírínsípà, ó béèrè ohun tí mo ń wí. Òógùn ti bo pírínsípà. Ó ní mo ń yin bàbá ńlá wọn ni. Ni àlejò bá dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n tọ́jú mi dáadáa, òun yóò máa béèrè mi. Irọ́ tí pírínsípà pa yẹn ló dè é lọ́wọ́: kò lè lé mi mọ́. Ó ní kí n lọ ro ẹ̀yìn kíláàsì. Mo ro ó tán, mo sì ń kọrin.

Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní mo láyà jù. Bẹ́ẹ̀ ni, mo láyà. Òyìnbó náà ṣòwò, ó sì rí jẹ, n ò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo kọ̀ ni kí n bọ́ aṣọ lára àwọn baba mi kí n fi wọ ẹni tó ti láṣọ. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára gbọ̀ngàn yẹn, mo máa ń rí i bí mo bá ń lọ sí Ọ̀yọ́. Kó máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ oríkì Oníkòyí, kó wá sílé wa, kó kọ́kọ́ sọ ọmọ ta lòun.