Álọ́ọ̀mù Inú Omi Iyọ̀

Ẹja dídì ni mo ń tà ní ọjà Wadata, ìyẹn ni pé òkú ẹja ló ń bọ́ wa nínú ilé. Nígbà tí ọkọ mi wá gbé ààyè ẹja wọlé, tó ní ká máa bọ́ ọ, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Òyìnbó kan tí ọkọ mi máa ń bá tún fíríìjì ṣe ló ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fi àpótí dígí ńlá kan ta á lọ́rẹ, pẹ̀lú òkúta inú òkun, ẹja wẹ́wẹ́ méjì tó pupa rúsúrúsú tí wọ́n ní ọ̀já funfun lára, àti iyùn kan. Iyùn tí àwa ń so mọ́ ọrùn, èyí ṣì wà láàyè, ó ń na ọwọ́ wẹ́wẹ́ sínú omi. Ní Niamey níbí, tó jẹ́ pé iyanrìn la fi ń jẹun nígbà ọyẹ́! Mo bi ọkọ mi bóyá ó fẹ́ gbẹ́ òkun sí pálọ̀ mi ni.

Màámi ló jẹ́ kí n yí ohùn padà. Àwọn àti bàbá mi ti ṣòwò ní àdúgbò Kalley, ní Niamey níbí, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti sinmi. Nígbà tí bàbá mi kú, mo lọ mú Màámi wá sọ́dọ̀ mi ní Banifandou. Wọn ò jẹun. Tí mo bá gbé kókó fún wọn, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan náà ni.

“Ṣé àgbo tí mo fún bàbá yín mu kọ́ ló pa wọ́n?”

Gbogbo wa la máa ń dá wọn lóhùn, èmi, ọkọ mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí wọn. “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Mama. Àsìkò ló tó.” Wọ́n á wá máa wò wá bí ìgbà tí èèyàn ń wo oníṣòwò tó ń búra lórí òṣùwọ̀n ara rẹ̀. Ara wọn ń gbẹ lójú mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé n ó sin àwọn náà kí ọdún tó yí po.

Ẹja yẹn nìkan ló ń mú wọn dìde. Láàárọ̀, wọ́n á fa àpótí ìjókòó síwájú dígí. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ẹja méjèèjì kì í fi ara wọn sílẹ̀. “Tọkọtaya ni wọ́n,” ni wọ́n sọ fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun yẹ̀yẹ́ mi.

Ṣùgbọ́n omi òkun kò rọrùn láti tọ́jú. Kì í ṣe pé kéèyàn da iyọ̀ sómi, kó sì jókòó. Ọkọ mi ṣàlàyé fún mi pé ohun kan wà nínú omi òkun tí kì í jẹ́ kó kan, òun gan-an la sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Ó máa ń bu omi náà sínú ìgò kékeré, á kán oògùn sí i, omi á di búlúù. Á tún máa kán an lọ díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bó bá pẹ́ kó tó pọ́n, omi lágbára. Bó bá tètè pọ́n, ewu ń bọ̀. Ó ń pẹ́ dáadáa nígbà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni omi náà funfun bí omi ògì. Òyìnbó yẹn ti sọ fún ọkọ mi pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ nínú omi tuntun, pé fúnra rẹ̀ ló máa mọ́, ká má fọwọ́ kàn án. Kò sí ẹni tó rántí sọ fún Màámi.

Àsìkò ìpolongo ìbò ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú dí ọ̀nà ọjà pa, mo bá yí padà sílé. Mo wọlé, mo rí omi tó mọ́ gaara. Màámi jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò tíì rí ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi.

“Mo bá yín tọ́jú omi yín,” ni wọ́n wí, wọ́n sì la ọwọ́ hàn mí. Álọ́ọ̀mù ni.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ní Kalley, nígbà tí odò bá kún, tí mẹ́ruwà tó ń kiri omi bá gbé omi tó pupa bí amọ̀ wá, álọ́ọ̀mù ni Màámi máa ń fi ro ó nínú àmù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èèyàn á rí ìsàlẹ̀ àmù. Omi yẹn la mu dàgbà.

Mo lanu. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Wadata mọ̀ pé tí mo bá lanu báyìí, kí oníbàárà gbé ẹja rẹ̀ kó máa sá lọ ni. Mo wo ẹ̀rín Màámi, mo gbé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ mì. “Ẹ ṣeun, Màámi.”

Àwọn ẹja ti wà lókè omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Iyùn ti kó gbogbo ọwọ́ rẹ̀ wọlé.

Mo lọ pe ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ni mo wá da gbogbo ariwo náà lé lórí. “Kala suuru,” ó dá mi lóhùn, bí àwọn Zarma ṣe ń ní kéèyàn ṣe sùúrù. Ó kán oògùn sí omi. Kíá ló pọ́n.

“Álọ́ọ̀mù ti jẹ agbára omi náà tán,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí Màámi má gbọ́. “Bíkábónéètì la máa fi gbà á, èyí tí ẹ̀yin obìnrin ń fi se ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni o. Tá a bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, àwa fúnra wa la máa parí ohun tí álọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀.”

“Kí la máa sọ fún wọn?”

“Ká sọ pé iná mànàmáná ni.”

Mo gbà. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni, oúnjẹ wo ni wọ́n tún máa fẹnu kàn láyé?

A ń tú bíkábónéètì sínú omi, a ń bù ú sí i, a ń dúró. Ìdúró yẹn fẹ́ ya mí ní wèrè. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀kan nínú ẹja náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí òkúta, kò sì mí mọ́. Ọkọ mi fi asẹ́ gbé e jáde, ó fi ẹ̀yìn bo ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú Màámi wà lára dígí. Èkejì ń yí po ibẹ̀, ó ń wá a.

Ìgbà yẹn gan-an ni iná lọ. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dákẹ́. Ọkọ̀ ìpolongo kan ń kọjá lójú títì, ẹnu gbohùngbohùn rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n máa fún wa ní iná tí kì í lọ. Mo ṣépè fún wọn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọkọ mi sáré lọ yá jẹnẹrétọ̀. Èmi mú kọ́ọ̀bù, mo ń bu omi, mo ń dà á padà láti òkè kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Apá ń ro mí. Mi ò lè dáwọ́ dúró.

Màámi dìde. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n mú igbá, wọ́n dúró tì mí. Mo ń bù, wọ́n ń dà. Wọn ò wò mí nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

“Álọ́ọ̀mù mi ni, àbí?”

Irọ́ tá a ti sè kalẹ̀ wà lẹ́nu mi. Ó kàn sú mi ni. Gbogbo irọ́ ìtùnú tí a ti ń pa nínú ilé yẹn ló sú mi.

“Òun ni, Màámi. Álọ́ọ̀mù yín ló pa ọ̀kan. Èkejì náà la ń jà lé lórí yìí.”

Igbá wọn kò dúró. Wọ́n bù, wọ́n dà, wọ́n tún bù.

“Àgbo tí mo fún bàbá yín ńkọ́?”

“Kì í ṣe àgbo. Ọkàn wọn ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Dókítà sọ ọ́ fún mi lójúkojú.”

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́.

“O ò purọ́ ti ẹja fún mi.”

“Rárá, Màámi.”

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. Omijé ń bọ́ lójú wọn sínú omi iyọ̀ yẹn, wọ́n sì ń bù ú lọ.

Jẹnẹrétọ̀ dé. Títí di ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi ń kán oògùn, omi sì ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó pọ́n. Ẹja tó kù sọ̀ kalẹ̀ láti òkè omi, ó lọ fara ti òkúta tí wọ́n jọ máa ń sùn sí. Nígbà tí a ju oúnjẹ sí i, ó jáde wá, ó mú un.

Màámi fọ ọwọ́ wọn. “Kí ló wà nílé yìí téèyàn lè jẹ? Má gbé kókó yẹn wá fún mi mọ́ o.”

Mo ní ẹja dídì nìkan ló wà. Mo sè é ní ata, mo gbé e fún wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n kọ́kọ́ yí àpótí ìjókòó padà, wọ́n kẹ́yìn sí dígí, kí èyí tó kù má baà rí ohun tí wọ́n ń jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ dé egungun.